Kí ni a ó máa pe “median”, kí sì ni “at least” ní èdè wa?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ girama mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìdánwò ìṣirò dé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, ìwé ìbéèrè wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń jiyàn kíkankíkan. Ìbéèrè tó dá iyàn sílẹ̀ sọ pé a ju owó kọ́bọ̀ 4 sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ìhà orí wà lókè lára “at least three” nínú wọn. Ọmọbìnrin àárín wọn kọ 5/16. Ẹnì kejì kọ 4/16. Ẹnì kẹta kọ 11/16, ó sì ń ṣàlàyé pé “least” ni ohun tó kéré, nítorí náà ohun tó kéré sí mẹ́ta ni wọ́n ń bèèrè.

Mo bá wọn kà á. Ọ̀nà 16 ni kọ́bọ̀ 4 lè gbà balẹ̀: ọ̀nà 1 ni orí kò fi ní sí lókè rárá, ọ̀nà 4 ni yóò fi jẹ́ ẹyọ kan, 6 ni yóò fi jẹ́ méjì, 4 ni yóò fi jẹ́ mẹ́ta, 1 ni yóò fi jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ẹni tó ṣi iye kà nínú wọn. Èdè ni wọ́n ṣì gbọ́, ọmọbìnrin náà nìkan ló sì gbọ́ ọ ye. Mo wá bi ọmọ tó kọ 11/16 pé, bí mo bá rán an lọ sọ́jà pé kó ra ọsàn tí kò dín ní mẹ́ta wá, mélòó ló lè rà? Ó ní, “Mẹ́ta, Bàbá, tàbí mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Kò ronú kó tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ìwé rẹ̀, tó dákẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kan, olùkọ́ èdè Yorùbá tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, mú wá láìpẹ́ yìí. Wọ́n dábàá “ó kéré tán” fún “at least”, “ìṣeéṣe” fún “probability”, àti “agbedeméjì” fún “median”, ìyẹn iye tó bọ́ sí àárín nígbà tí a bá ti to àwọn iye láti orí èyí tó kéré jù. “Ó kéré tán” dùn létí, gbogbo wa la sì ń sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n “kéré” tó wà nínú rẹ̀ lè ṣi ọmọ lọ́nà gẹ́gẹ́ bí “least” ti ṣì í lọ́nà. “Kò dín ní mẹ́ta” kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìgbọ́. “Dín” yìí kan náà ló wà nínú ẹ̀tàdínlógún àti márùndínláàádọ́ta, nítorí náà ọmọ tó bá mọ owó kà ti mọ̀ ọ́n kó tó wọ ilé-ìwé. Bákan náà, “kò ju mẹ́ta lọ” ni kí “at most” máa jẹ́, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìbéèrè kọ́bọ̀ yìí yóò jẹ́ 15/16. Ẹni tó kọ 4/16 ń dáhùn ìbéèrè mìíràn, ìyẹn mẹ́ta tí kò lé, tí kò dín. Àwọn oníṣòwò wa ń lo gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láràárọ̀, wọn kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì.

Lórí “ìṣeéṣe”, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ohun tó bá ní ìṣeéṣe ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́; ohun tí ìdánwò ń bèèrè ni bí ó ti ṣeé ṣe tó, èyí tí ó wà láàárín òdo àti ení. “Ìwọ̀n ìṣeéṣe” tó fún mi.

“Agbedeméjì” ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ìyá ọlọ́jà 5 tí èrè wọn lóòjọ́ jẹ́ náírà 4,000, 2,000, 47,000, 5,000 àti 2,000. Bí a bá da owó náà pọ̀, yóò jẹ́ 60,000. Bí a bá pín in dọ́gba, 12,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpíndọ́gba, ọ̀rọ̀ tí n kò ní àríwísí kankan sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyá kan nínú wọn tó jèrè 12,000. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 2,000. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ pé kó wá agbedeméjì, yóò mú 2,000 àti 47,000 tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, yóò sì kọ 24,500, nítorí pé ohun méjì ni agbedeméjì ń bèèrè, orúkọ rẹ̀ sì wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ṣe èyí yóò mú 47,000, nítorí pé òun ló wà láàárín bí a ti kọ wọ́n sílẹ̀. Ìdáhùn ni 4,000, ẹni tí ìdúró rẹ̀ bọ́ sí àárín lẹ́yìn tí a bá ti tò wọ́n láti orí ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù.

Nítorí náà mo dábàá “àárín-ìtò”. Orúkọ náà ń rán ọmọ létí pé kó kọ́kọ́ tò ó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pàdánù máàkì. N kò lo “ètò” nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ìpàdé àti rédíò. Ọ̀nà tí àròpọ̀ àti àyọkúrò gbà wọlé náà nìyí: orúkọ wọn ń sọ iṣẹ́ tí a óò ṣe. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, ìṣirò wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn, irú orúkọ báyìí sì ni ọmọ kékeré lè gbá mú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa yóò bi mí pé kí ni kí a wá fi agbedeméjì ṣe. Ó ní ààyè rẹ̀. Bí ìyá kẹfà bá dé, tó jèrè 6,000, tí a sì tún wọn tò, ẹni méjì ni yóò wà láàárín, oní-4,000 àti oní-5,000. Agbedeméjì àwọn méjèèjì, 4,500, ni yóò jẹ́ àárín-ìtò.