Ta ló tún gbé inú ilé sinimá rí? Mo ní ìbéèrè kan

ỌmọGálárì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Láàárín 1989 sí 1994, inú ilé sinimá kan tó ti kógbá sílé n'Ìbàdàn la gbé, ẹni tó ni ín ò rí èèyàn wọlé mọ́, fídíò ti gba gbogbo pálọ̀, ló bá ní kí bàbá mi máa bá òun ṣọ́ ọ, la bá kẹ́rù wọlé. Bàbá àti màmá ń sùn ní yàrá máṣìnì lókè, àwa ọmọ wà níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni màmá mi ti ń ta búrẹ́dì àti kẹrosíìnì. Tálẹ́ bá ti lẹ́ ẹnì kan á kanlẹ̀kùn, "Màmá, kí lẹ ń ṣe lónìí, ti Índíà àbí ti Ṣáínà?" Màmá mi á ní "Búrẹ́dì la ń ṣe."

Ilẹ̀ ibẹ̀ wá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bọ́sàn bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ ògiri funfun níwájú lo ti máa lọ he é. Páànù ń jò, tójò bá rọ̀ mọ́jú, gbogbo bàtà wa ló ń wọ́ lọ síbẹ̀, àá wá lọ kó o láàárọ̀ bí ẹni kó ẹja.

Ìbéèrè mi rèé. Ihò mẹ́rin ló wà lára ògiri yàrá máṣìnì, méjì tóbi, méjì kéré, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lókè ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan já lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níka lọ́jọ́ kan, èékánná yẹn ò gún dòní. Kí ni wọ́n ń fi ṣe gan-an? Bàbá mi ti lọ, mi ò sì bi í.

BàbáMáṣìnì:
Ọmọ mi, o kàn mí níbi tó dùn mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yí fíìmù. Ihò kékeré nìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde, èyí tó tóbi làwa fi ń yọjú wo gbọ̀ngàn. Ó jẹ́ méjì méjì torí máṣìnì méjì ni, róólù kan ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, tó bá fẹ́ tán, àmì róbótó kan á yọ fìrí lápá ọ̀tún lókè àwòrán, o gbọ́dọ̀ ti máṣìnì kejì sọ́nà kíá. Tóorun bá gbé ẹ lọ, ìyá ẹ gbèèbú lọ́wọ́ gbogbo gálárì.

Irin yẹn, torí iná ni. Fíìmù àtijọ́, àwọn tó wà ṣáájú 1950, bí pẹtiróòlù ni, tó bá gbaná omi ò lè pa á. Wọ́n wá fi okùn gbé irin yẹn kọ́, òjé kékeré wà lára okùn, tí ooru bá mú un á yọ́, irin á já bọ́ dí ihò, kíná má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wòran. Kò kàn ń já bẹ́ẹ̀ o, àfi tíná bá jó tàbí tẹ́nì kan bá já okùn.

ÌyáÌbejìAgége:
Mo jowú yín o! Agége lèmi gbé dàgbà, Pen Cinema la fi ń júwe ilé fáwọn èèyàn, sinimá ti lọ tipẹ́, orúkọ ló kù. Àwọn ọmọ mi rò pé bíríjì tí wọ́n ṣí ní 2021 yẹn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù àdán ò bà yín ṣá?

ỌmọGálárì:
Àdán? A ti sọ wọ́n lórúkọ tán, mà.

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan, mo kà á fún un. Ó dákẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú kan, ó wá ní, "Iná wo ló jó lọ́jọ́ yẹn?" Mo díbọ́n bíi pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Okùn yẹn, èmi ni mo tú u. Mo fẹ́ fi fa mọ́tò agolo sàdín-ìn mi.