Ìmọ̀ràn yín o: ímeèlì ìpolówó kún àpótí mi, ohun tí tẹlifíṣọ̀n mi gbà sílẹ̀ kò sì ṣí níbòmíì

Ọláyínká

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè mi pín sí, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n 4K kan náà ló fa gbogbo rẹ̀.

Mo fi ímeèlì mi forúkọ sílẹ̀ fún wáráńtì rẹ̀ lórí ìkànnì. Láti ìgbà náà, bí 40 ímeèlì ló ń wọlé lójúmọ́. Àwọn kan wá láti ilé iṣẹ́ náà, àwọn kan ní mo ti jẹ ẹ̀bùn, àwọn kan ní wáráńtì mi ti fẹ́ parí, kí n tètè sanwó. Mo ń tẹ "unsubscribe", ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ìkejì, mo so ẹ̀rọ díìsì 4K mọ́ rìsífà ohùn (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sí spíkà), mo so rìsífà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán á yọ, ojú á ṣú, "HDCP error" á jáde. Bákan náà, tẹlifíṣọ̀n yìí ń gba ètò sílẹ̀ sínú hard drive 500 GB, ṣùgbọ́n bí mo bá fi hard drive náà sára kọ̀ǹpútà, á ní kí n kọ́kọ́ fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Owó mi ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí n kò lè lò ó bí mo ṣe fẹ́? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Adébísí

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi á mú ti ojú tó ń ṣú, àwọn yòókù á mú ìyókù.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀. HDCP ni àgádágodo tí Intel ṣe, tó wà lára HDMI, ìyẹn wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àwòrán sílẹ̀ láàárín ẹ̀rọ díìsì àti tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá ki wáyà bọ ihò, ẹsẹ̀ kọkàndínlógún nínú rẹ̀ ló máa sọ fún ẹ̀rọ díìsì pé nǹkan wà lódìkejì. Ẹ̀rọ díìsì á wá ka EDID, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n fi ń sọ irú àwòrán tó lè gbé. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi kọ́kọ́rọ́ han ara wọn. Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi sílẹ̀: HDCP 1.4 ń tún kọ́kọ́rọ́ yẹ̀ wò ní bí ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi lè yọ díẹ̀ kó tó pòórá.

Díìsì 4K ń béèrè HDCP 2.2, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ ní in. Bí rìsífà tó wà láàárín bá jẹ́ ti 1.4, ẹ̀rọ díìsì kò ní gbà láti gba ibẹ̀ kọjá. Rìsífà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2014 kì í sábà ní 2.2.

Ẹ yọ rìsífà kúrò láàárín ná. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò lára iná, ní ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe rímóòtù, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi wáyà tí kò gùn ju mítà 2 lọ so ẹ̀rọ díìsì mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, nínú ihò tí wọ́n kọ HDCP 2.2 tàbí 4K sí lára. Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n 4K ìṣáájú, ihò kan péré ló sábà máa ń ní in. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, ẹ̀rọ díìsì kẹ́yìn. Bí àwòrán bá dúró, rìsífà ni.

Ẹ fojú sí bí àwòrán ṣe ń bàjẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àmì funfun wínníwínní tó ń tàn káàkiri, wáyà ni. 4K lè béèrè tó 18 Gb ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà bàbà tó gùn tó mítà 10 kì í sábà lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n bá di yìnyín aláwọ̀ tó ń hó, tàbí tó ń ṣú tó tún ń yọ, kọ́kọ́rọ́ ni kò bára mu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta wáyà ọ̀wọ́n fún yín pé "HDCP 2.2" ni. Kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú wáyà.

Mojísọ́lá

Bó bá wá jẹ́ rìsífà ńkọ́? Ṣé kí ẹ̀gbọ́n lọ ra òmíràn ni? Ohùn inú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò ní adùn.

Adébísí

Rárá o. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ díìsì náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ní ihò HDMI OUT méjì. Ọ̀kan ń gbé àwòrán àti ohùn, ohùn nìkan ni ìkejì ń gbé, wọ́n sì ṣe é nítorí irú rìsífà yìí gan-an. Ẹ so àkọ́kọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ so ìkejì mọ́ rìsífà, ìjà parí.

Bó bá jẹ́ ihò kan ló ní, ẹ so ihò tí wọ́n kọ ARC sí (ó ń dá ohùn padà láti tẹlifíṣọ̀n sí rìsífà) lára tẹlifíṣọ̀n mọ́ HDMI OUT rìsífà tó ní ARC lára, kí ẹ sì tan CEC (tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bára wọn sọ̀rọ̀) nínú sẹ́tíńgì àwọn méjèèjì. ARC lè gbé Dolby Digital 5.1 àti Dolby Digital Plus (ohùn fíìmù tí wọ́n fún pọ̀), ṣùgbọ́n kò lè gbé TrueHD (èyí tí kò pàdánù nǹkan kan) lódindi, eARC, ìyẹn ARC tuntun, ló ń gbé ìyẹn. Bí rìsífà kò bá ní ARC rárá, wáyà optical (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) á gbé Dolby Digital 5.1, kò ní gbé Plus.

Ọ̀nà ìkẹta ni pé kí ẹ sọ ẹ̀rọ díìsì kalẹ̀ sí 1080p, àwòrán tó rẹlẹ̀ sí 4K. Ó sábà máa ń gba rìsífà àtijọ́ kọjá. N kò fẹ́ràn ọ̀nà yẹn, nítorí 4K ni ẹ sanwó fún.

Fúnmiláyọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ọláyínká, ẹ dáwọ́ "unsubscribe" dúró ná. Oríṣi ímeèlì méjì ló wà nínú àpótí yín, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ní wáráńtì yín fẹ́ parí. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Gmail, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta (⋮) tó wà lápá ọ̀tún, ẹ mú "Show original". Lókè ojú ìwé tó máa jáde, ẹ ó rí ìlà SPF, DKIM àti DMARC, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ímeèlì wá láti ibi tó ní òun ti wá. Bí DMARC bá jẹ́ FAIL, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fi ránṣẹ́ máa fi orúkọ olórúkọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé PASS ni ìwà rere o! Ohun tí PASS ń sọ kò ju pé ímeèlì náà wá láti àdírẹ́sì tó ní òun ti wá. Olè náà lè ra àdírẹ́sì kó sì tò ó dáadáa. Nítorí náà, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn @ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá ní "Ẹ̀ka Wáráńtì", tí ẹ̀yìn @ sì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà jágbajàgba, ọ̀rọ̀ ti tán.

Irú èyí, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "unsubscribe" tiwọn, ẹ kàn ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn gidi ló ni àdírẹ́sì yẹn ni, wọn á sì tà á fún ẹlòmíràn. Ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i nìyẹn. "Report spam" ni kí ẹ tẹ̀. Dídínà àdírẹ́sì kan kò wúlò púpọ̀, nítorí ọ̀la ni wọn á gba ọ̀nà míì wọlé.

Ti ilé iṣẹ́ gidi yàtọ̀. Ẹ lo "Unsubscribe" tí Gmail fúnra rẹ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùfiránṣẹ́ lókè, ẹ fi ti inú lẹ́tà sílẹ̀. Láti 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan: ẹni tó bá ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí Gmail tó 5,000 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn lè kúrò ní títẹ̀ kan ṣoṣo, kó sì yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ 2. Ní Amẹ́ríkà, òfin CAN-SPAM ti 2003 fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 10, ó sì ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ wọn sínú lẹ́tà.

Ẹ tún pa àwòrán. Àwọn afipolówóránṣẹ́ máa ń fi àwòrán tí kò ju píksẹ́lì 1 lọ sínú lẹ́tà, ojú kò lè rí i. Bí ó bá ti ṣí, wọ́n mọ̀ pé ẹ ti ka lẹ́tà náà. Nínú Gmail, ẹ tẹ àmì sẹ́tíńgì, "See all settings", General, ẹ wá Images, ẹ mú "Ask before displaying external images". Ẹ má gbàgbé "Save Changes" tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ló ń jáde láì tẹ̀ ẹ́.

Káyọ̀dé

Èyí tó yá jù ni kí ẹ̀gbọ́n ṣe asẹ́ kan, ohun tí Gmail ń pè ní filter: lẹ́tà yòówù tó bá ní ọ̀rọ̀ "unsubscribe" nínú, "Delete it". Ó parí.

Fúnmiláyọ̀

Káyọ̀dé, àbúrò mi, asẹ́ yẹn dára, "Delete it" ni kò dára. Ọ̀rọ̀ "unsubscribe" wà nínú rìsíìtì ohun tí ènìyàn rà, ó wà nínú ìfilọ̀ iléèwé, báǹkì míì pàápàá ń fi í sísàlẹ̀ lẹ́tà wọn. Dípò ìyẹn, mú "Skip the Inbox" àti "Apply the label", kí gbogbo wọn lọ dúró lábẹ́ orúkọ kan tí ẹ̀gbọ́n á máa yẹ̀ wò lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Kó máa yẹ Spam wò pẹ̀lú, nítorí Gmail ń pa ohun tó bá pé ọjọ́ 30 níbẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá tún fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbì kan, ẹ fi àmì + sí i. Bí ímeèlì yín bá jẹ́ orukọ@gmail.com, ẹ kọ orukọ+tv@gmail.com. Àpótí yín kan náà ni yóò dé, bí ìpolówó bá sì wá láti ibòmíràn sí "+tv", ẹ ti mọ ẹni tó ta yín. Ó ní àléébù méjì. Àwọn fọ́ọ̀mù kan kì í gba +, àwọn ọ̀dàlẹ̀ sì lè gé e kúrò. Àdírẹ́sì ìbòjú, tó ń bo tiyín mọ́lẹ̀ tó sì ń darí lẹ́tà sí i, ló le jù ú lọ: Firefox Relay ń fún ènìyàn ní 5 lọ́fẹ̀ẹ́, Apple náà ní Hide My Email. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, ẹ pa á.

Tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ ń ṣòfófó. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì rẹ̀, ẹ wá Privacy, ẹ pa ohunkóhun tó bá ń jẹ́ ACR tàbí "viewing information". Ó ń fi ohun tí ẹ ń wò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kejì 2017, Vizio san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà.

Bùsọ́lá

Ti hard drive: ẹ tẹ Cancel. Bí ẹ bá gbà fún kọ̀ǹpútà láti fọ́ọ̀màtì rẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi í sára tẹlifíṣọ̀n, òun náà fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí irú tí Windows kò mọ̀. Linux, ètò míì tí kọ̀ǹpútà lè lò dípò Windows, lè fi orúkọ fáìlì hàn yín, ṣùgbọ́n inú fáìlì náà ni wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n yẹn nìkan. Kò ní ṣí lára tẹlifíṣọ̀n míì, bó tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà, àwọ̀ kan náà. Ibi tó ń dun àwọn ènìyàn jù ni pé bí oníṣẹ́ bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ. Kí tẹlifíṣọ̀n tó lọ fún àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ wò tán.

Bí hard drive bá ń dún tákì-tákì tó sì ń pòórá láàárín ìgbàsílẹ̀, iná ni kò tó. Ihò USB 2.0 ń fún un ní 500 mA, hard drive USB 3.0 sì lè béèrè tó 900 mA. Ẹ lo ihò tí wọ́n kọ HDD sí, tàbí hub (àpótí tó ní ihò USB púpọ̀) tó ní iná tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìgbàsílẹ̀ tí ẹ lè gbé kiri, ẹ ra tuner USB (ẹ̀rọ tó ń gba ìkànnì tẹlifíṣọ̀n) fún kọ̀ǹpútà, irú tó bá ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ibi tí ẹ wà mu: DVB-T2 tàbí ATSC. Ìkànnì ọ̀fẹ́ tí wọn kò tì á di fáìlì .ts, VLC, ètò tó ń ṣí fídíò, á sì ṣí i. Ètò tó ń gba 8 Mb ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ 3.6 GB ní wákàtí kan, nítorí náà 500 GB gba bí wákàtí 138. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín wáyà áńtẹ́nà sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á pàdánù bí 3.5 dB, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdajì agbára rẹ̀. Ìkànnì tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Gbénga

Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín HDMI, tó ń tú HDCP. Ṣé kò ní yá ju gbogbo èyí lọ?

Bùsọ́lá

A kì í júwe ìyẹn níbí. Ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti 1998 kà á léèwọ̀ láti tú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ní irú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, nítorí oníbàárà tó sanwó ni àgádágodo yìí ń dí lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ àgbà HDCP 1 jáde sí gbangba láti 2010, síbẹ̀ àwa tí a ra ẹ̀rọ gidi ni ojú tẹlifíṣọ̀n ń ṣú mọ́.

A sì lè bá wọn jà kí a borí. FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣòfin ní 2003 pé kí ẹ̀rọ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n díjítà máa tẹ̀lé àmì tó ń dènà àtúngbé ètò ọ̀fẹ́, àwọn ilé ìkàwé gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì fagi lé e ní oṣù Karùn-ún 2005, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

Ọláyínká

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwòrán dúró nígbà tí mo so ó tààrà, ihò OUT méjì sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ díìsì. Mo ti so ìkejì mọ́ rìsífà, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n "Dolby Digital" ni rìsífà ń kọ, TrueHD ló sì wà lára páálí díìsì.

Adébísí

Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì ohùn ẹ̀rọ díìsì, ẹ gbé Digital Audio Output sí Bitstream, ìyẹn kó fi ohùn ránṣẹ́ láì tú u, kí ẹ sì pa "Secondary Audio". Lára ẹ̀rọ míì, "BD Audio Mix" ló ń jẹ́. Bó bá wà ní títàn, ẹ̀rọ náà á máa po ohùn àlàyé àti ti bọ́tìnnì mọ́ fíìmù, kò sì ní lè fi TrueHD ránṣẹ́ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú TrueHD fúnra yín nínú àkójọ ohùn díìsì náà, nítorí díìsì míì máa ń fi Dolby Digital ṣáájú.