Kí ló dé tí wọ́n fi sọ àbàtà di ilé iwin?

Tíṣà Bàrígà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní lítíréṣọ̀ ní Bàrígà. Bí èèyàn bá yọjú lójú fèrèsé kíláàsì wa, ọ̀sà ló máa rí lọ́ọ̀ọ́kán, àbàtà ló sì wà láàárín àwa àti ọ̀sà. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa àbàtà náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé ilé iwin ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú jù sí, pé ejò ibẹ̀ a máa gbé ọmọ mì. Ọmọ kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ló kọ ọ́ pé: "Tí omi bá fà, ẹja kékeré kan máa ń fi apá rìn lórí ẹrẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn.

Mo mọ ẹja náà. Ìlàjẹ ni bàbá mi, etí ọ̀sà ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ á máa dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Dúró jẹ́ẹ́, má mira. Ojú méjì ni wàá kọ́kọ́ rí, wọ́n á yọ gọngọ lókè orí bí ẹ̀wà méjì. Nígbà tó bá yá, ara tó kù á jáde, á fi apá méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ síwájú, á dúró, á tún wọ́. Bí òjìji rẹ bá kàn án báyìí, ó ti fò wọ ihò.

Òwe tí a máa ń pa fún ẹni tó ń sá fún ẹbí, "Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan", ìgbà tí omi bá ń kún ni bàbá mi máa ń pa á. Á nawọ́ sí àbàtà, á ní: "Ẹ wò ó, odò ń lọ kí ẹbí rẹ̀." Lójú tirẹ̀, ilé ẹbí tí omi ń yà sí nígbà tó bá pọ̀ lápọ̀jù ni àbàtà, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

The Swamp Dwellers, eré Ṣóyínká tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1958, ni mo wá fi bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú eré náà, alágbe afọ́jú kan wá láti ilẹ̀ ọ̀dá, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní díẹ̀ nínú àbàtà kí òun sọ ọ́ di oko. Inú bí Makuri, bàbá arúgbó tó gbà á sílé: Ejò, òrìṣà àbàtà, ló ni ilẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ Kadiye, àwòrò Ejò, ń sanra lórí ẹbọ àwọn aráàlú. Mo bi àwọn ọmọ pé ta ló jẹ̀bi. Wọ́n ní àbàtà ni! Apẹ̀rẹ̀ tí Makuri jókòó tó ń hun ńkọ́? Koríko inú àbàtà yẹn náà ló fi ń hun ún.

Ohun tó jẹ́ kí ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé láti oṣù tó kọjá ni àwọn kan ti gbé páìpù ńlá dé, wọ́n ń fa yanrìn láti inú ọ̀sà, wọ́n ń dà á sórí àbàtà tiwa. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìtàn, ewì tàbí oríkì kan tí àbàtà ti jẹ́ ẹni ire? Mo nílò rẹ̀ kí sáà yìí tó parí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Aǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rọra bá àwọn ọmọ náà wí. Ibà wà lára ohun tó jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rù àbàtà. Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Nígbà tí William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, wá di gómìnà Èkó ní 1899, irà tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí ló dojú kọ. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi gba ibẹ̀ kọjá, òun là ń pè ní MacGregor Canal. Wọ́n ti dí òun náà.

Àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ lé iwin kúrò. Ìyá ìyá mi kì í jẹ́ kí á sún mọ́ irà lọ́sàn-án gangan, ó ní àwọn tó ni ín ń jẹun lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó da yanrìn síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rù kúrò lára èèyàn ni ilẹ̀ náà di títà.

Akin Yábàá:
Mo gbé ọdún márùn-ún ní Peterborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà sí Yábàá. Àbàtà ni gbogbo agbègbè yẹn tẹ́lẹ̀, Fens ni wọ́n ń pè é, ibà sì ń ṣe àwọn ará ibẹ̀ bíi tiwa. Láti àwọn ọdún 1630 ni àwọn olówó ti gbé Vermuyden, ọmọ ilẹ̀ Dutch, wá pé kí ó gbẹ́ ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde. Àwọn apẹja tó ń jẹun lórí àbàtà náà ò gbà, wọ́n ń ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀, gbòǹgbò àti ewé tó ti ń kó jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni, omi ló sì ń pa á mọ́. Bí omi ti gbẹ báyìí, afẹ́fẹ́ wọlé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó ń wọlẹ̀. Ní Holme Fen, wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ ní 1851, orí rẹ̀ àti ilẹ̀ dọ́gba. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Mo nawọ́ títí, n kò tó orí rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó mítà 4. Odò wọn ti wá ga ju oko lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi oko sókè sínú odò.

Aǹtí, ẹ wá Waterland tí Graham Swift kọ ní 1983. Agbègbè yẹn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, tíṣà bíi tiyín ló sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìwé àgbà ni o, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín ná.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Kétu:
Tíṣà mi, ohun tí ẹ ń wá wà lẹ́nu yín. Ẹ̀yìn Àgbóyì ni mo ti ń dáko àkùrọ̀. Bí òjò bá dá, tí ilẹ̀ òkè gbẹ táútáú, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú mi ṣì ń yọ. Ọmọ ìyá ni àkùrọ̀ àti àbàtà.

Àdúrà ńkọ́? "Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò." Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, gbogbo wa là ń ṣe àmín sí i. Níbo ni ojú oró ń hù? Ẹ bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n ti rí i rí.

Tíṣà Bàrígà:
Ìyá mi, ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀fọ́ yín máa yọ. Akin, mo ti ń wá ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ yín mú mi ronú, àmọ́ àwọn tó gbé páìpù wá ò bẹ̀rù iwin kankan. Mo fẹ́ kí ọmọ kan tiẹ̀ wà tó máa béèrè ibi tí ẹja yẹn sá gbà.

Mo bi wọ́n lánàá. Gbogbo wọn ló mọ àdúrà náà lórí, kò sí ẹni tó mọ ewé náà. Ọmọ ẹlẹ́ja bá mi lọ wá a lẹ́yìn tí ilé ìwé parí. Ewé olódòdó àlùkò yẹn la kọ́kọ́ bá, èyí tó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọ omi Badagry ní 1984 tó wá bo ojú omi káàkiri. Inú gọ́tà kan lẹ́yìn ọgbà la ti wá rí ojú oró mẹ́rin. Irun wẹ́wẹ́ ló bo ewé rẹ̀, omi kì í dúró lára rẹ̀. Mo kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí.

Wọ́n rọ́ wá síwájú. Ọmọ ẹlẹ́ja fi ìka tẹ ọ̀kan wọ ìsàlẹ̀ omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yọwọ́. Ewé náà sọ jáde. Kò rin rárá. Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn títí aago fi lù.