Ọmọ mi ní gbogbo Ìlọrin ló ń wo òun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ò bá mi lọ sí Ọjà Ọba mọ́ nítorí irorẹ́ kan ṣoṣo níwájú orí. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń wo òun. Àwọn aláta tó ń nájà lọ́wọ́! Ó fa híjáàbù bò ó débi ìpéǹpéjú. Tí mo bá ní èmi náà ṣèwe rí, á ní, "Màámi, kò lè yé yín."

Mo kà á pé David Elkind, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọ, ti kọ̀wé lórí èyí lọ́dún 1967, pé ọ̀dọ́ máa ń rò pé òǹwòran yí òun ká, àti pé irú òun ò sí. Ó dáa, kí ni kí n wá sọ fún un? Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹkún ló sun sùn. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?