Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ń gbóná jù: rọ́bà tó ń fa omi ni kí n pààrọ̀ ni, àbí thermostat?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wa ọkọ̀ ojú omi tipẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo ra ọkọ̀ fáíbà kékeré kan ní Èkó, mo gbé e wá sí odò Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí. Life jacket mẹ́rin, àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró ti wà nílẹ̀ (ìyàwó mi ní òun ò ní wọ ọkọ̀ náà síbẹ̀síbẹ̀).

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rẹ̀ ló ń dà mí láàmú: 15 horsepower, irú èyí tá a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Omi tó yẹ kó máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣàà bí ìtọ̀ ọmọdé, ṣe ló ń kán tó-tó-tó. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 10, orí ẹ́ńjìnnì á gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e.

Mo ti fi wáyà tín-ín-rín gún ihò yẹn. Mo ti ti ẹ́ńjìnnì náà bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tó mọ́, mo tan án, bóyá iyọ̀ ọ̀sà ló dí i. Pàbó! Mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo ní kó fọwọ́ mọ́ra ná.

Ṣé impeller, rọ́bà tó ń fa omi wọlé nísàlẹ̀ yẹn, ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀, àbí thermostat, ìyẹn èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ni kí n yọ wò?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.