Mo fẹ́ di tíṣà àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Àánú (Houston):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. NCE ni mo ṣe nílé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn adití. Láti ìgbà tí mo ti dé Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọdún kẹrin rèé. Green card mi dé lóṣù tó kọjá, Ọlọ́run ṣeun. Ọkàn mi ò kúrò lára iṣẹ́ tíṣà. Mo fẹ́ gba dìgírì kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Mo rí ilé ìwé kan lórí fóònù, wọ́n ní ọdún kan ààbọ̀ péré ni, wọ́n sì ti ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣé kí n san án? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀. Ìbéèrè kan ni kí o kọ́kọ́ bi wọ́n, orí ìmeèlì ni kí wọ́n sì ti dá ọ lóhùn kó lè wà ní àkọsílẹ̀: “Bí mo bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ṣé ìpínlẹ̀ Texas á fún mi níwèé àṣẹ láti kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ àkànṣe?” Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kúrò níbẹ̀. Dìgírì lọ́tọ̀, ìwé àṣẹ lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní tirẹ̀, èyí tí Georgia bá sì fọwọ́ sí, Texas lè má gbà á bẹ́ẹ̀.

Owó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ gba owó sáà mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìwé tí wọ́n kọ́ mi dáa, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ètò wọn ò sí lára èyí tí TEA fọwọ́ sí, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní Texas. Ọjọ́ tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìpínlẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi. Mo jókòó sínú mọ́tò mi níta, mo fi kọ́kọ́rọ́ há ọwọ́, n kò lè ṣíná sí i. Ọkọ mi pè lẹ́ẹ̀mẹta, n kò lè gbé e. Kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀ sí ọ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí láago méjìlá òru.

Torí náà, orí wẹ́ẹ̀bù TEA ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n to orúkọ gbogbo ètò ìkọ́ṣẹ́ tíṣà tí wọ́n fọwọ́ sí síbẹ̀. Wá èyí tó ní Special Education nínú, ìgbà yẹn ni kó o wá máa wo iye owó àti bó ṣe jìnnà sílé. Texas máa ń béèrè GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹni, tó jẹ́ 2.5 ó kéré tán kí wọ́n tó gbani síbẹ̀, nítorí náà má fi kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ṣeré.

Ní ti NCE rẹ, kò ní ṣòfò, ṣùgbọ́n wọn ò ní kà á sí dìgírì níbí. Kọ́kọ́ bi yunifásítì tí o fẹ́ lọ pé ilé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kó yẹ ìwé rẹ wò. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ti WES. Àyẹ̀wò tó ń to kọ́ọ̀sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí o sanwó fún, torí òun ni wọ́n máa wò láti mọ èyí tí wọ́n lè yọ kúrò fún ọ. Láti ilé ìwé rẹ ní tààrà ni transcript, ìyẹn ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí o ṣe, gbọ́dọ̀ ti wá, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ní ẹnì kan nílé tó máa bá ọ lọ síbẹ̀ lójúkojú, kó má kàn jẹ́ pé o ń pè wọ́n lórí fóònù.

Bàbá Dékúnlé (Maryland):
Ẹ kú àárọ̀ o. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá wa sọ. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń yọ̀ ṣubú.

Màmá Àánú, green card tẹ́ ẹ ní ti ṣí ilẹ̀kùn fún yín. Ẹ kọ FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni láti bá yín kọ ọ́. Ibẹ̀ ni Pell Grant ti ń wá, owó tí wọn kì í gbà padà. Ẹni tó bá ti ní dìgírì àkọ́kọ́, yálà nílé tàbí níbí, wọn kì í sábà fún un. NCE yín kì í ṣe dìgírì, nítorí náà ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí owó tó ń wọlé fún yín ò bá pọ̀ jù. Ohun tí ẹ rò pé ó fà yín sẹ́yìn ló máa bá yín sanwó ilé ìwé.

TEACH Grant náà wà, tó 4,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa o. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ kọ́ni fún ọdún mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́jọ tó bá jáde, níbi tí àwọn ọmọ tálákà pọ̀ sí, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wá tíṣà lójú méjèèjì. Ẹ̀kọ́ àkànṣe wà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kùnà, gbogbo rẹ̀ á di gbèsè, èlé á sì gùn ún láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún yín. Mo mọ arábìnrin kan tó ṣiṣẹ́ náà pé, ìwé tó yẹ kó máa fi ránṣẹ́ pé òun ń ṣiṣẹ́ náà ló gbàgbé. Ẹ kọ ọjọ́ ìwé yẹn sára ògiri ilé ìdáná yín.

Bó bá wá di pé ẹ yáwó ìjọba, tíṣà ẹ̀kọ́ àkànṣe tó bá lo ọdún márùn-ún gbáko láìdáwọ́ dúró nílé ìwé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ gbèsè tó tó 17,500 dọ́là. Ọ̀pọ̀ tíṣà yòókù, 5,000 ni tiwọn mọ. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń wá yín tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (London):
Fún àwọn tó ń kà á láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ti England yàtọ̀. Kò sí ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ tíṣà, ni gbogbo tíṣà ń lé, ẹ ó sì wá máa kọ́ ìyókù lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn adití, àwọn afọ́jú àti àwọn tí ojú àti etí wọn jọ ní ìṣòro nìkan ni òfin ní kí tíṣà kíláàsì wọn gba ẹ̀kọ́ àfikún, láàárín ọdún mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní IEP lọ́hùn-ún, EHCP ló jọ ọ́ jù níbí, ó sì lè bá ọmọ dé ọdún 25. Ó tán.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Mo padà wá torí èyí tó ká mi lára jù ni n kò tíì sọ. Àbúrò mi, kí o tó wọ yunifásítì, lọ ṣe aide nínú kíláàsì àwọn ọmọ yìí fún ọdún kan. Ẹni tó ń ran tíṣà lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó ti iṣẹ́ alẹ́ rẹ, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n wàá máa sùn lóru, ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ bá gba ọlidé ni ìwọ náà á gbà á, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì máa ń ran àwọn aide wọn lọ́wọ́ láti di tíṣà. Níbi tí wọ́n ti ń fi owó Title I sanwó, ìyẹn owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìwé tí àwọn ọmọ tálákà pọ̀ sí, aide gbọ́dọ̀ ti kàwé ọdún méjì lẹ́yìn girama, tàbí kó yege nínú ìdánwò bíi ParaPro. Ibẹ̀ ni NCE rẹ á ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ ọdún méje, kò sọ̀rọ̀ rárá. Tó bá ti ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù, á ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹnu, á bù ú jẹ. Ojú àpá yẹn dúdú, ó sì ti yi bí awọ. Èmi rò pé ebi ni, mo fún un ní bisikíìtì, ó jù ú nù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bù mí jẹ. Mo ń gbàdúrà sí i nínú ikùn mi.

Tíṣà tí mò ń ràn lọ́wọ́, ìyá àgbà òyìnbó kan, fún mi ní bébà tó fa ìlà sí lọ́nà mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí lọmọ náà ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Ó ní kí n fi èrò mi sílẹ̀, ohun tí mo bá rí ni kí n kọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí i. Agogo ilé ìwé máa ń dún láago mẹ́wàá géérégé, ọmọ náà sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìró agogo yẹn ló ń pá a láyà láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kò sì lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́. A wá ohun tí wọ́n fi ń bo etí fún un. A lẹ àwòrán mẹ́rin mọ́ tábìlì rẹ̀: ìwé, ohun ìbo-etí, agogo, pápá ìṣeré. Kó tó di ìparí oṣù, òun fúnra rẹ̀ ló ń na ìka sí àwòrán kejì, á wá yíjú sí mi. Mo sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é.

Nígbà tí mo wá dé yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní FBA, ìyẹn wíwá ìdí tí ọmọ fi ń hu ìwà kan, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń há a sórí. Èmi ń rántí ọrùn ọwọ́ ọmọ yẹn. Bí o bá ti mọ ọmọ kan, ìwé kò ní ṣòro.

Ìwé kíkọ sì pọ̀ o. Láti 1975 ni òfin tó wá di IDEA ti fún àwọn ọmọ yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá wọn mu, láti ọdún mẹ́ta títí dé mọ́kànlélógún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní IEP tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, ẹ ó sì tún máa ṣe àyẹ̀wò ọmọ náà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. ARD ni a ń pe ìpàdé yẹn ní Texas. Bí o bá kọ ọ́ pé “ọmọ yìí á mọ ẹranko dáadáa,” wọ́n á dá a padà. Báyìí ni wàá kọ ọ́: “Tó bá fi máa di oṣù Karùn-ún, bí a bá to àwòrán ẹranko mẹ́wàá síwájú rẹ̀, á tọ́ka sí mẹ́jọ láìsí ìrànlọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìgbà márùn-ún tí a bá dán an wò.” Èyí tí ẹlòmíràn lè kà lẹ́yìn rẹ ni wọ́n ń fẹ́.

Ìyá Olúwadárà (Dallas):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹ̀gbẹ́ òbí náà. Ọmọ mi ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa, bàbá rẹ̀ ní “a kọ̀ ọ́,” kò sì bá mi lọ sípàdé fún ọdún méjì. Èmi nìkan ló ń jókòó síwájú èèyàn mẹ́fà tó ń sọ ABA, OT, LRE, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé mi, lé mi lórí. Mo ń mirí, mo ń fọwọ́ sí i. Ẹnì kan níbẹ̀ ní kí n má sọ Yorùbá sọ́mọ mi mọ́, pé á dà á lọ́pọlọ rú. Mo gbà. Ọdún kan gbáko ni màmá mi ò fi lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Tíṣà ọmọ Nàìjíríà kan ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kò sí ìdí fún ìyẹn, pé ọmọ tó ní autism lè gbọ́ èdè méjì. Òun ló tún sọ fún mi pé bí gẹ̀ẹ́sì wọn bá ta kókó fún mi, òfin ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tí kò yé mi. Màmá Àánú, ẹ lọ kàwé yẹn. Àwọn ìyá bíi tèmi ń retí yín nínú yàrá yẹn.

Màmá Àánú (Houston):
Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé o, Olúwadárà á rí bá a ṣe fẹ́. Mo kọ ìmeèlì sí ilé ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n ṣe. Èsì tí wọ́n fún mi: “kàn sí ìpínlẹ̀ rẹ.” Mo ti pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Ohun kan ló kù. Sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ṣé ó lè wúlò níbí, àbí kí n gbàgbé rẹ̀?

Bàbá Dékúnlé (Maryland):
Ẹ má gbàgbé rẹ̀ rárá! Andrew Foster, adití ni òun fúnra rẹ̀, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Washington, lọ́dún 1954. Òun ló dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ló sì gbé wá. Ìdí nìyẹn tí ti ilé ṣe fi jọ tibí. Àwọn àmì kan ti yàtọ̀, ẹ ó tún wọn kọ́, àmọ́ ẹ kò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Àbúrò mi, lọ́jọ́ Sátidé mo wà nílé láti aago méjì. Mú ìwé NCE rẹ dání, green card, àti ìwé owó orí tọdún tó kọjá. A ó jọ kọ FAFSA yẹn, a ó sì wá ibi tí wọ́n ti ń gba aide ní agbègbè rẹ. Má jẹun wá o, ẹ̀fọ́ rírò ti wà nínú fíríìjì.