Èmi ni "ẹni kọ̀ǹpútà" ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: ìdánwò wo ni kí n kọ́kọ́ sanwó fún?

Akọ̀wé Ìmọ̀wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé owó ni wọ́n gbà mí fún, accounts ni mo kà ní poli. Ọjọ́ tí mo tú wáyà printer tí mo tún un so, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi yí padà láìsí lẹ́tà. Ohunkóhun tó bá ti ní wáyà lára báyìí, wọ́n á ní ẹ pe Akọ̀wé: projector, CCTV, fóònù ọkọ ọ̀gá wa, títí dórí aago ara ògiri. Owó oṣù ò yí padà o.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, iṣẹ́ yìí wù mí ju ìwé owó lọ. Mo ń dá àjọ, ó sì máa tó kàn mí láti kó o. Mo fẹ́ fi gba sátífíkéètì tí wọ́n á fi mọ̀ mí sí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò wa ní àwọn á kọ́ mi ní A+ (títún kọ̀ǹpútà ṣe), Network+ àti CCNA (iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti cyber security (ààbò kọ̀ǹpútà) pa pọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn á sì fún mi ní "ìbéèrè tó máa jáde". Owó tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo àjọ náà mì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ní tiẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kò síṣẹ́ IT ní Ìjẹ̀bú, kí n di ẹrù mi máa bọ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé mo sì lè ti ibí ṣe é?

Ẹ forí jì mí, ọ̀ràn kan tún wà nílẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá ti wọlé láti ibi eré ìsinmi, kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan nínú yàrá tí a ti ń ṣe èsì ìdánwò kì í rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ geere. Mo máa ń pa router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, mo máa ń tàn án, á dára, á tún padà síbi tó wà. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ní kò sí nǹkan tó ṣe tàwọn. Ọ̀gá mi obìnrin ní èsì gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán.

Ìyá Wáyà, Ṣágámù

Àbúrò, o kú wàhálà. Má bínú pé mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ayé Windows XP ni mo ti ń fa wáyà nílé iṣẹ́ kan ní Ṣágámù níbí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti íntánẹ́ẹ̀tì. Jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí Command Prompt, tẹ ipconfig /all. Ìlà mẹ́ta ni kí o kọ sílẹ̀: IPv4 Address (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), Default Gateway (ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde) àti DHCP Server (ẹ̀rọ tó fún un ní àdírẹ́sì). Ṣe bákan náà lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí o wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí nọ́ńbà èyí tí kò ṣiṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, á jẹ́ pé ó béèrè àdírẹ́sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà gidi, àmọ́ tí DHCP Server rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé ẹlòmíràn ló dá a lóhùn. Má sì tíì pa router rárá. Gbogbo bí o ṣe ń pa á tí o ń tàn án yẹn, ẹ̀rí lo ń pa rẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó rẹ. Má fún ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní kọ́bọ̀. "Ìbéèrè tó máa jáde" tí wọ́n ń wí, CompTIA tó ni A+ àti Network+ kò fàyè gbà á, Cisco tó ni CCNA náà kò fàyè gbà á. Wọ́n lè gba sátífíkéètì náà padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fi mú. Bí wọn ò tiẹ̀ mú ọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé switch, àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, síwájú rẹ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ta lo fẹ́ bi léèrè?

Ohun tí wọn ò sì sọ fún ọ ni pé A+ kì í ṣe ìdánwò kan ṣoṣo. Méjì ni, 220-1201 àti 220-1202, wákàtí kan ààbọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan, ìbéèrè rẹ̀ kì í ju 90 lọ. Àmì 675 nínú 900 ló ń yege nínú èkíní, 700 nínú èkejì. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣì ń fi 1101 àti 1102 kọ́ni, ọjà àná ló ń tà. CompTIA ti kó ìyẹn kúrò nílẹ̀ ní 2025. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan lé ní 200 dọ́là nílẹ̀ Amẹ́ríkà, o ó sì san ti méjèèjì kí wọ́n tó fún ọ ní sátífíkéètì kan.

Àwọn kan ò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí: ka A+ parí, má sanwó rẹ̀. Ìwé tí CompTIA to gbogbo ohun tó wà nínú ìdánwò náà sí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò Professor Messer wà lórí YouTube, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó ìdánwò lọ́la, kí o wá kó owó àjọ rẹ lé CCNA lórí: 200-301 ni nọ́ńbà rẹ̀, 300 dọ́là, ìṣẹ́jú 120. Mo máa ń wà níjòókòó nígbà tí wọ́n bá ń gba èèyàn sí ẹ̀ka wa. CCNA ni ẹni tó ń to ìwé àwọn tó wáṣẹ́ mọ̀ lórúkọ. Tó bá kan àwọn yòókù, á bi mí pé kí ni wọ́n jẹ́.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé o san dọ́là kan, lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle. Gbogbo ẹni tó bá ké pè ọ́, kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Kọ ohun tí ìwọ fojú rẹ rí, ohun tí o rò pé ó fà á, bí o ṣe dán an wò, àti ohun tó padà jẹ́. Ìlànà tí A+ fi ń kọ́ni láti wá ìdí àléébù nìyẹn, kíkọ ọ́ sílẹ̀ sì ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn há a sórí láti fi yege, wọn ò ṣe é rí.

Jẹ́ kí n fún ọ ní ọ̀kan nínú tèmi. Obìnrin kan níbi ìkẹ́rùsí wa máa ń pariwo láràárọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ti gba ojú òpó báńkì, torí kọ̀ǹpútà ń kìlọ̀ fún un pé ibẹ̀ ò ní ààbò. Ẹnikẹ́ni kò gba ojú òpó kankan. Mo wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà: ọdún 2009 ló wà. Alẹ́ alẹ́ ni wọ́n máa ń pa iná ibẹ̀ láti orísun. Bátìrì pẹlẹbẹ kan sì wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032, irú èyí tí àwọn alágo ń tà. Òun ló ń bá a rántí ọjọ́ nígbà tí kò bá síná. Bátìrì náà ti kú. Ojú òpó báńkì ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2009 la wà wò ó pé ọjọ́ ìwé yìí ò tíì pé, ló bá kọ̀ ọ́. Wo bí ohun tó wà nínú irin, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ ààbò ṣe pàdé sínú igbe obìnrin kan. Nínú ìwé ìdánwò, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ l'Ékòó: ẹ kí i.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti CCNA yẹn. Ẹni tó ń tún printer ṣe, ẹ ní kó lọ kọ́ OSPF, ìlànà tí àwọn router fi ń wá ọ̀nà fún ara wọn? Iṣẹ́ helpdesk, ríran ẹni tí kọ̀ǹpútà ń dà láàmú lọ́wọ́, ni mò ń ṣe láti ilé fún àwọn ará òkè òkun. Ẹ̀kọ́ Google IT Support lórí Coursera, ojú òpó tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà láti 2018, ni mo fi wọlé, lẹ́yìn náà ni mo ṣe A+. Àwọn òyìnbó tó ń gba helpdesk, A+ ni wọ́n ń kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n tún ń wò ni bóyá o lè kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹni tí inú ń bí láìjẹ́ kí inú tún bí i sí i. Àbúrò yìí ti ní sùúrù yẹn lọ́wọ́, ó ń tún fóònù ọkọ ọ̀gá ṣe!

Mo fara mọ́ ti ìwé àkọsílẹ̀ o. Iná àti dátà ni kó tún múra sílẹ̀ fún. Owó sólà mi ju owó ìdánwò mi lọ.

Akọ̀wé Ìmọ̀wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti rí i!

Èyí tó ń ṣiṣẹ́: 192.168.1.34, DHCP Server 192.168.1.1. Èyí tí kò ṣiṣẹ́: 192.168.0.103, DHCP Server 192.168.0.1. Kò sí ohun tó ń jẹ́ 192.168.0.1 nílé ìwé wa, ó kéré tán lójú tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà láti yàrá dé yàrá, ọ̀gá ní mò ń rìn bí ẹni tó ń wá ejò. Ìdí tábìlì tíṣà Basic Science ni mo bá a. Ó gbé router ilé rẹ̀ wá kí fóònù rẹ̀ lè máa rí Wi-Fi, ó ki wáyà bọ ihò ara ògiri. Àkókò ìsinmi ló máa ń rí àyè jókòó, ìgbà náà ló máa ń tàn án. Mo yọ ọ́, mo ṣe ipconfig /release àti /renew lórí àwọn kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n lè ju àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n gba tuntun, gbogbo wọn padà sí 192.168.1. Tíṣà ò kí mi láti àná.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń mú? Ẹ̀yin méjèèjì sì ti dá mi rú lórí A+ àti CCNA. Kí n má gbàgbé: UPS yàrá náà, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà tíná bá lọ, máa ń ké tí a bá ti ń tẹ èsì, ó tún máa ń kú lójijì. Ṣé kí n ra tuntun ni?

Ìyá Wáyà, Ṣágámù

O káre. Àwọn tó ti gba àdírẹ́sì wọn láti òwúrọ̀ ò ní ìdí láti tún béèrè, torí àkókò tí wọ́n fún wọn lórí rẹ̀ kò tíì pé. Èyí tí wọ́n pa tí wọ́n tún tàn lẹ́yìn ìsinmi ló máa ń ké jáde pé ta ló máa fún òun ní àdírẹ́sì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló sì máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Router tíṣà yá ẹnu ju tiyín lọ, bẹ́ẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó fẹ́ fún wọn.

Má bá tíṣà jà. Wọ inú router rẹ̀, pa DHCP, ìyẹn pípín tó ń pín àdírẹ́sì, fún un ní àdírẹ́sì kan nínú 192.168.1 tí router yín kì í pín fún ẹlòmíràn, kí o ki wáyà bọ ihò LAN rẹ̀ (ti inú ilé), kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì). Ó máa ní Wi-Fi rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì ní àlàáfíà. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kí o tó ṣe é. Lórí switch tó bá ní ọpọlọ, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní DHCP snooping: o ó sọ fún un pé ihò kan ṣoṣo ni ìdáhùn ti lè wá, á dí ẹnu àwọn tó kù. Ó wà nínú 200-301. Gba Packet Tracer ti Cisco, ètò tí wọ́n fi ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfarawé lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, kí o kọ́ ilé ìwé yín sínú rẹ̀, ti tíṣà náà, kí o wá fi snooping dí i.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀rọ̀ rẹ pa mí lẹ́nu mọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ helpdesk òkè òkun ló ń wá, kó ṣe A+. Bó bá jẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ṣágámù lọ sójú ọ̀nà Ìbàdàn, mi ò yí ohùn padà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni méjèèjì máa ń lò. Ẹni tó bá gba Network+ lẹ́yìn A+, ìyẹn á sọ A+ rẹ̀ dọ̀tun.

Ní ti bóyá o lè ti ibí ṣe é, o lè jókòó sílé ṣe ìdánwò náà, àmọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ wọ yàrá náà, ìwọ fúnra rẹ ò sì gbọdọ̀ ka ìbéèrè sókè. Bí o bá mú ọjọ́ Sátidé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta lo fẹ́ bẹ̀ pé kó pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn òde rẹ̀? Má tiẹ̀ súnmọ́ ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba. Wá ibùdó ìdánwò ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ. Orúkọ tí o bá fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ rẹ mu bó ṣe wà níbẹ̀. Àwa tí orúkọ wa pọ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí èsì tó jáde, tí inú ọ̀gá ṣì dùn sí ọ, bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní lẹ́tà tó sọ pé ìwọ lo ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwé náà. Bí kò bá fi owó kún un, kó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bọ̀dá Jẹnẹ, Òde-Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ UPS nìkan ni tèmi. Ṣé laser ni printer yẹn? Bó bá jẹ́ laser, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí UPS kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ó ní ohun kan nínú tó máa ń gbóná kí ìwé tó jáde. Nígbà tó bá ń gbóná, iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju ohun tí UPS kékeré lè gbé. Ẹ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kọ̀ǹpútà nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ lórí UPS. Bó bá ṣì ń ké lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì inú rẹ̀ ló ti rẹ̀, bátìrì nìkan náà sì ni kí ẹ pààrọ̀.